Àáró Tí Kò Rìn

Dídákẹ́ ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin mọ́kànlá ló jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká ní àgbàlá wa ní Odigbo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ń bó o, èèpo ń já bọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ìró ọ̀bẹ. Lójijì gbogbo ọ̀bẹ dúró. Mo gbójú sókè níbi tí mo ti ń ha dúdú ara púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, kúrò, mo sì rí alábòójútó oko ọ̀pẹ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. Kò wọlé. Ó kí màmá àgbà mi, ó tẹ̀ ba díẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó béèrè àlàáfíà orúnkún wọn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá mi. Ó ní, "Ìyá Bísí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àáró yín yìí, ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún ni? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí kò rìn kúrò nínú ilé yìí." Màmá àgbà ló wá sọ pé, "Ẹ̀gẹ́ wa ló pọ̀." Ọkùnrin náà wo òkìtì ẹ̀gẹ́ náà, ó wo ojú àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fara balẹ̀ wò wọ́n. Ó ní, "Ó pọ̀ lóòótọ́, Màmá. Ó pọ̀ gan-an." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ìyá mi gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kalẹ̀ lórí èèpo, ó nu ọwọ́ méjèèjì sí ìró rẹ̀, ó ní, "Ó ti mọ̀."

Ẹni tí kò bá mọ bí àáró ṣe ń lọ, ìbéèrè ọkùnrin náà lè dà bí àwàdà létí rẹ̀. Àáró a máa yí ká ni. Bí o bá bá mi bó ẹ̀gẹ́ lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ la ó wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn rẹ a ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí obìnrin tí í gba àáró lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn láìtíì lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ológun ló ń ṣe ìjọba nígbà náà, wọ́n sì ti ka ìpàdé òṣìṣẹ́ léèwọ̀ ní oko ọ̀pẹ ńlá tí àwọn ìyá wa ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá bá nínú èrò tó ń sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, àtìmọ́lé ni. Ìyá mi ló ní kí wọ́n fi àáró bo ìpàdé mọ́lẹ̀. Ilé wa ló wà níparí ọ̀nà, tó kẹ̀yìn sí igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè yọjú láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni wọn kò ṣe gbé e kúrò. Wọ́n ronú nípa etí àwọn èrò ọ̀nà, wọ́n gbàgbé pé gbogbo ìlú ló mọ bí àáró ṣe ń rìn. N kò ní dárúkọ oko ọ̀pẹ náà, àwọn orúkọ tí mo sì kọ síhìn-ín kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Ó ti pẹ́, àwọn ológun ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bá ìjọba lọ. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù mi pẹ̀lú ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹyìn ni ìyá mi ń ṣà lóko náà. Àwọn ọkùnrin a gé ìdì ẹyìn lulẹ̀, wọ́n a rù ú lọ sídìí ọkọ̀. Èyí tó bá fọ́n sínú koríko, àwọn obìnrin ló ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀gún imọ̀ ọ̀pẹ ń gún wọn lọ́wọ́, láìwọ bàtà. Garawa ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ wọn. Bí garawa bá kún dé ẹnu, alábòójútó á mì ín, á gbé ẹsẹ̀ tòun ti bàtà lé e, á tẹ̀ ẹ́, àyè á sì tún ṣí sílẹ̀ lókè. "Ẹ lọ ṣà sí i. Kò tíì lórí." Àwọn obìnrin sọ ọ́ ní Tẹ̀-ẹ́-mọ́lẹ̀. Ìyá mi a máa sín in jẹ nílé. Bí màmá àgbà bá ro púpurú tán tí wọ́n bu tèmi sínú àwo, ìyá mi á dìde, á ki ọwọ́ sí ìbàdí, á ní, "Màmá, kí lẹ bù yìí? Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Kò lórí!" A ó rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ marúgbó yóò fi tutù. Ṣùgbọ́n ọdún náà le. Ọṣẹ di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún ní Ore, ṣúgà di oògùn tí wọ́n ń fi ṣíbí kékeré bù fún aláìsàn, gbogbo ọjà ń gòkè, ohun tí wọ́n ń san lórí garawa kan kò sì kúrò níbi tó wà látìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ejò bu obìnrin kan jẹ nínú koríko. Wọ́n gbé e lọ sí Ore lórí kẹ̀kẹ́. Kò kú. Nígbà tó fi máa fi ẹsẹ̀ wíwú padà síbi iṣẹ́, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó gbé àwọn obìnrin wá sí àgbàlá wa nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́: kí wọ́n fi kún owó garawa, kí garawa mọ ní ìwọ̀n ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní bàtà rọ́bà. Ìyá mi ló ka ìwé díẹ̀ nínú wọn, òun ni yóò kọ lẹ́tà náà. Lẹ́yìn lẹ́tà, bí àwọn ọ̀gá oko kò bá dáhùn, àwọn obìnrin yóò jókòó, wọn kò ní ṣiṣẹ́.

Ilé wa kì í dákẹ́ ní àkókò yẹn, bóyá ìdí nìyẹn tí ìdákẹ́jẹ́ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe wà létí mi títí dòní. Iná kì í kú lábẹ́ àjà tí a ń to púpurú sí. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ, kó má jó, kó kàn máa rú èéfín, títí ìṣù funfun náà yóò fi dúdú bí ìkòkò. Màmá àgbà a máa wúkọ́, wọ́n a máa bá iná sọ̀rọ̀, wọ́n a máa bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà: "Ọma mi, púpurú tó dúdú lóde, inú rẹ̀ la ń jẹ." Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá Ore, a máa ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ agbégi tó ń gun òkè lójú títì. Lọ́jọ́ àáró, ẹ̀rín àwọn obìnrin á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Apá Ọ̀yọ́ ló ti bá ọkọ rẹ̀ wá, wọ́n ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ́bàá Ago Alaye. Pákí ló ń pe ẹ̀gẹ́, nítorí náà wọ́n ń pè é ní Ìyá Pákí. Kò bínú rí. Òun àti ìyá mi máa ń pín iyọ̀ kan jẹ lóko. Òun nìkan ló sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, tó gbé ọ̀bẹ dúró, tó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé àáró yín kì í yí ni? Lọ́dọ̀ tiwa, bó bá dúró, àwọn èèyàn á ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Ẹnì kan ní, "Ìyá Pákí, ẹ bó pákí yín. Ẹ fi àáró sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo sọ ọ́ jáde. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyàwó alábòójútó ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, màmá àgbà sì rán mi ní iyọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ tí àáró kẹta yóò wáyé. Obìnrin náà máa ń ṣe dáadáa sí mi. Ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́? N kò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì." Mo ní, "Wọ́n ń palẹ̀ mọ́, mà. Àáró ni lónìí." Ó ní, "Àáró? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín náà ló wà lọ́sẹ̀ tó lọ?" Inú mi dùn pé mo mọ ìdáhùn. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ wa náà ló wà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, mà. Ọ̀dọ̀ wa ló máa ń wà." Ó wò mí díẹ̀. Ó ṣí agolo kan, ó fún mi ní ṣúgà oníhóró mẹ́ta, nínú ọdún tí a kì í rí ṣúgà. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ kí n tó délé, mo sì nu ẹnu mi kí wọ́n má bàa bi mí léèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa.

Ìyá mi kò dúró di ọjọ́ kejì. Ó di aṣọ méjì sínú agbọ̀n, ó da èèpo ẹ̀gẹ́ lé e bí ẹni tó ń lọ bọ́ ewúrẹ́, ó sì gba ẹ̀yìn ilé wọ igbó. Kò dágbére fún mi ju pé kí n má jẹ́ kí iná kú. Ọjọ́ kẹta ni ọlọ́pàá kan àti ṣọ́jà méjì dé, nígbà tí a fẹ́ jẹun ọ̀sán. Wọ́n da aṣọ wa sílẹ̀, wọ́n ki igi bọ inú gbogbo àgbá tí a rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Màmá àgbà jókòó síbi oúnjẹ, wọ́n ní, "Ẹ rọra o, oúnjẹ lẹ ń fi igi gún." Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà náà bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó fi pijin bi mí pé níbo ni ìyá mi wà. Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, wọn kò sọ fún mi, ó sì hàn sí mi níbẹ̀ ìdí tí wọn kò fi sọ. Ọlọ́pàá náà sọ fún màmá àgbà pé ìgbàkígbà tí ìyá mi bá yọjú, àwọn yóò gbé e lọ sí Àkúrẹ́, àti pé ẹni tó bá lọ sí Àkúrẹ́ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ilé wa gbófo. Àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ní àgbàlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn lọ sí odò. Nílé ìwé, ọmọ tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ìyá òun ní kí òun sún síwájú. Èmi àti màmá àgbà la ń bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀bẹ méjì kò lè dùn bí àáró. Èyí àkọ́kọ́ á dún, á dákẹ́, èkejì á dáhùn, a ó sì máa retí ìkẹta. Mo ń ṣọ́ iná bí ìyá mi ṣe ní kí n ṣe, mo sì ń ka ara mi sí ẹni tí kò yẹ kí ó jẹ ohunkóhun tó dùn mọ́. Bí màmá àgbà bá fi ẹja sínú ọbẹ̀ mi, màá rọra dá a padà sínú ìkòkò. Wọ́n rò pé àárò ìyá mi ló ń ṣe mí. Ó ń ṣe mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ṣì lè sunkún níta. Èmi kò lè sunkún níta, kí wọ́n má bàa béèrè ohun tí mò ń sunkún sí.

Lẹ́tà ìyá mi kò lọ, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà jókòó. Màmá àgbà ló gbọ́ ọ lọ́jà. Wọ́n ní lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, Ìyá Tọ́pẹ́ gbé garawa rẹ̀ dé ibi ìwọ̀n, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e. Alábòójútó ní, "Kí lèyí?" Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó lórí lónìí." Àwọn yòókù dojú tiwọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó. Wọ́n mú Ìyá Tọ́pẹ́ lọ sí Ore, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kù kò dìde. Ẹyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó rà sábẹ́ ọ̀pẹ, eṣinṣin bò ó, ilé iṣẹ́ tó ń fún epo kò rí ẹyìn tó pọ̀ tó fún. Nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá àgbà kan wá láti Àkúrẹ́. Wọ́n fi díẹ̀ kún owó garawa. Wọ́n fa ìlà pupa yí ọrùn garawa ká láti fi ṣe òpin ìwọ̀n, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀ mọ́. Bàtà rọ́bà dé lẹ́yìn oṣù kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ọkùnrin, àwọn obìnrin sì ń fi àkísà dí iwájú rẹ̀ kí wọ́n tó lè rìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá mi tó kó wọn jọ ṣì jẹ́ ẹni tí ìjọba ń wá.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màmá àgbà mú mi lọ rí ìyá mi. Inú ahéré kan ló wà lóko kòkó ìbátan wa lẹ́yìn Ajue. Ó ti gbẹ, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bọ nìkan ló wà nítòsí wa. Màmá àgbà sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, garawa, ìlà pupa, bàtà. Mo rò pé yóò yọ̀. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ti Ìyá Tọ́pẹ́ mọ́lé? Èmi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Àkúrẹ́, òun ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin?" Màmá àgbà ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Màmá, òun nìkan ló sọ pé àáró kò yí. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Tẹ̀-ẹ́-mọ́lẹ̀ wá sọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ta ló kọ́ ọ? Òun ló tà wá. Ojú ló ń fi garawa yẹn bò." Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí mi, ó ń fọwọ́ tú irun mi. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá sọ ọ́, yóò gbé ọwọ́ yẹn kúrò, kò sì ní fẹ́ padà sílé tí mo wà mọ́. Mo dákẹ́. Mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí, mo mọ̀ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó nínú ahéré náà kò mọ̀, òun ló sì yan ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń gbé títí dòní.

Àwọn àgbà ìlú ló bá wa bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá gbà kí ìyá mi padà wálé, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ajé yóò lọ fi ara rẹ̀ hàn ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Ore, yóò tẹ ìka. Ọjọ́ tí kò bá wá, wọn yóò wá mú un. Ó padà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kì í lè jẹun, nítorí kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni ọjọ́ tí wọn kò ní jẹ́ kó jáde. Ó máa ń mú mi lọ, ó ní bí wọn kò bá jẹ́ kí òun jáde, ẹnì kan á lè padà wá sọ fún màmá àgbà. Èmi á dúró níta lábẹ́ òòrùn, màá máa wo àwọn èrò ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun, tí wọ́n ń lọ sí ibi tí wọ́n fẹ́, títí màá fi rí gèlè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a bá pàdé Ìyá Tọ́pẹ́ lọ́jà, ìyá mi á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Tọ́pẹ́ á dúró bí ẹni tó fẹ́ kí i, á wò wá títí a ó fi kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ọjọ́ Ajé kan, sájẹ́ǹtì arúgbó tó máa ń jókòó sídìí tábìlì pe èmi náà wọlé nítorí òòrùn. Ó wo ìyá mi, ó ní, "Ẹ tún ti dé. Ta ló ní kí ẹ wá?" Ìyá mi na ìka rẹ̀ síwájú. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ọjọ́ Ajé ni." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé wá láti Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ti parí. Ẹ má wá mọ́, àfi bí ẹ bá ń gbé púpurú bọ̀ fún mi." Ìyá mi ní, "Kò síbi tí n ó ti tẹ ìka?" Ó ní, "Kò sí." Ìyá mi ní, "Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá Bísí, ẹ máa lọ sílé yín." Síbẹ̀ ó dúró. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ jáde.

Lójú títì, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Lẹ́yìn náà ó sọ pé ká má tíì lọ sílé. Ó pe alùpùpù kan, ó ní kó gbé wa lọ sí Ago Alaye. Mo bi í léèrè ohun tí a ń lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ti dá mi sílẹ̀ lónìí. Kò yẹ kí n di ẹnikẹ́ni sínú." Atẹ́gùn ń fẹ́ ọ̀rọ̀ náà sí mi lójú lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ní àyè láti sọ̀rọ̀ láti Ore títí dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Tọ́pẹ́. Mo kàn di aṣọ rẹ̀ mú ni.

Ìyá Tọ́pẹ́ ń da kòkó sórí ẹní níwájú ilé. Nígbà tó rí wa, ó nà ró, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìyá mi kò jókòó. Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, wọ́n ti fi mí sílẹ̀ lónìí. Mo wá sọ fún yín pé ohun tí ẹ ṣe, mo ti dárí jì yín. N kò ní sọ ọ́ mọ́." Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, omi wà lójú rẹ̀. Ìyá Tọ́pẹ́ wò ó. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀: ọ̀nà tí a ń yà fún un lọ́jà, ojú tí a ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀. Ó la ẹnu. Nígbà náà ló wò mí. N kò mọ ohun tó rí. Mo ti sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá mi, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Ó wò mí pẹ́, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó tún kọjú sí ìyá mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá Bísí. Ohunkóhun tó jẹ́ pé mo ṣe, ó ti tán nìyẹn."

Ó gbé àpótí ìjókòó jáde fún un. Ìyá mi jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì béèrè omi. Èmi ni wọ́n rán.